Aṣọ Mi Ni Mo Rí, Èmi Dà?

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì purọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ajá, gbígbó ajá ni yóò máa jí i láàárọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn aṣọ, àpótí rẹ̀ kò ní í ṣeé pa dé. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kámẹ́rà àtijọ́ ló wù mí: èyí tí a ń ki fíìmù bọ inú rẹ̀, tí a ń fi ọwọ́ yí, tí í máa dún "kàṣà!" bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo ní mẹ́ta nílé. Ìyàwó mi ní mẹ́ta ti pọ̀ jù, èmi ní kò tíì tó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀tá ni mí bó bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ ilé ni mí, ẹjọ́ ilé ni mo sì fẹ́ rò.

Ìgbà kan wà tí gbogbo ayé gbà pé fíìmù ti kú. Kódà, Kodak tó ti ń ṣe fíìmù láti ayé àwọn baba ńlá wa wọ gbèsè débi pé ó sá sábẹ́ ààbò kóòtù ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n òkú tí a rò pé a ti sin tún jókòó. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe Tri-X tó ti wà fún kámẹ́rà kékeré láti 1954. Wọ́n sì ń ṣe HP5 Plus ti Ilford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 1989. Àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó mọ ìwé kà ló wá ń gbé kámẹ́rà bàbá bàbá wọn kọ́rùn báyìí.

Bí ẹ bá jókòó ti àwa olólùfẹ́ kámẹ́rà wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́ ṣáá. A ó ní lẹ́ǹsì àtijọ́ ní ẹ̀mí. A ó ní fíìmù kì í purọ́. A ó ní sùúrù tí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ni kò lẹ́gbẹ́. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sórí òṣùwọ̀n. Méjì àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Ẹ̀kẹta rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ dé ìdí. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí gbogbo wa ń fò dá, ọ̀rọ̀ náà sì ni ojú àwa ènìyàn dúdú nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ kámẹ́rà náà. SLR ni wọ́n ń pè é. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló ní. Òun la fi ń wòran, òun náà la fi ń ya àwòrán. Dígí kan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ǹsì náà. Ìmọ́lẹ̀ á gba lẹ́ǹsì wọlé, dígí á tì í sókè, gíláàsì oníkọ̀rọ̀ tó wà lórí kámẹ́rà á tún un tò kí òsì má bàa di ọ̀tún, á sì wá bá ojú ẹni tó ń wò. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á fò sókè, aṣọ ìbòjú tó wà níwájú fíìmù á ṣí, á tún pa dé, dígí á padà sáyè rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, òun ló ń dún "kàṣà" yẹn. Ohun tí ojú rẹ bá rí gan-an ni fíìmù á rí. Ìyẹn ló mú kí ó dùn ún lò.

Àwọn ará Jámánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tó ń lo fíìmù kékeré 35mm. Kine Exakta tiwọn jáde ní 1936. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáànù ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé, pẹ̀lú Asahi Pentax ní 1957 àti Nikon F ní 1959. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú tèmi ni Pentax K1000. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1976, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí di 1997. Irin ni. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì náà ń bọ́. Bí bátìrì bá kú lónìí, kámẹ́rà á ṣì máa ya àwòrán lọ́la. Ní ìlú tí iná ń ṣe ségesège, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ti lẹ́ǹsì. Ṣé lóòótọ́ ni lẹ́ǹsì àtijọ́ ní ẹ̀mí? Mo mọ ẹ̀gbọ́n kan tó ní lẹ́ǹsì mẹ́jọ. Ó lè sọ iye gíláàsì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ọ láìwo ìwé. Ó lè bá ọ jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí f/1.4 àti f/2. F/1.4 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì f/2 wọlé, òótọ́ ni. Owó rẹ̀ náà sì ń ga jù ú lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán tí ẹ yà hàn mí." Ó wọlé, ó mú ìdì kan jáde. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwòrán ògiri ni! Ògiri bíríkì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó ní kí n wo bí ìlà bíríkì ṣe mú ṣáṣá dé kọ̀rọ̀. Mo wò ó títí. Kò sí ènìyàn kan níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí ewúrẹ́.

Lẹ́ǹsì kò ní ẹ̀mí o. Gíláàsì tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì tò sínú irin ni. Ohun tí à ń pè ní ẹ̀mí, àbùkù ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nǹkan tí wọ́n fi ń kun ojú gíláàsì láyé àtijọ́ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ta padà nínú rẹ̀ kò tó ti ìsinsìnyí, nítorí náà bí o bá kọjú irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ sí oòrùn, ìkùukùu á bo àwòrán náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ó lè lẹ́wà, n kò jiyàn. Ènìyàn náà wà tí èéjí mú un lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ àlàfo ni èéjí. Lórí ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá lẹ́ǹsì. Bí o bá gbé e sínú àpótí aláwọ tí afẹ́fẹ́ kò dé, ohun funfun tí í máa hù sára búrẹ́dì tó bá bu á hù sínú gíláàsì náà bí òwú aláǹtakùn. Mo ti rí lẹ́ǹsì olówó ńlá tó ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti olú ni.

Ọ̀rọ̀ kejì: wọ́n ní fíìmù kì í purọ́. Wọ́n ní fóònù ló ń bo àpá mọ́lẹ̀, tó ń sọ arúgbó di ọmọge, ṣùgbọ́n fíìmù dúdú-àti-funfun, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ó tì o. Àwọn onífọ́tò Yorùbá ti jáwèé òtítọ́ yẹn já tipẹ́. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó wá wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò nílẹ̀ wa, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, àwọn onífọ́tò á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló kù tí obìnrin sì kú, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un fún ìdajì kejì. Ṣé irọ́ nìyẹn? Òtítọ́ ni lójú ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fíìmù ló sọ òtítọ́ náà. Onífọ́tò àti ìyá ìbejì ló jọ pinnu ohun tó yẹ kó hàn, fíìmù kàn gbà á ni.

Ohun tí fíìmù jẹ́ nìyí. Ó jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n da jẹ́látíìnì sí lójú, wọ́n sì po iyọ̀ fàdákà mọ́ jẹ́látíìnì náà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà, oògùn ìfọ̀ á sọ iyọ̀ náà di fàdákà dúdú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bà, háípò á wẹ̀ ẹ́ dànù. Nítorí náà, nínú nẹ́gátíìfù, funfun á di dúdú, dúdú á di gaara. Kò sí òtítọ́ tàbí irọ́ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà á àti èyí tí kò bà á ni. Ta ló ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò bà á? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́gbọ́n.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, pé ọgọ́rin ọdún, èmi ni mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe onífọ́tò, pé èmi náà tó o. Mo ki HP5 Plus sínú K1000. Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Léèsì funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, gèlè funfun, ìborùn funfun. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ìṣin. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Nínú ojú ihò ìwòran K1000, abẹ́rẹ́ kan wà ní apá ọ̀tún: bó bá lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, bó bá lọ sílẹ̀, kò tó, bó bá dúró láàárín, ó pé. Mo yí ihò lẹ́ǹsì títí abẹ́rẹ́ fi dúró ṣinṣin láàárín. F/8 ló wà. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo yà tó mẹ́wàá, inú mi ń dùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo mú àwòrán lọ bá ìyá. Ó gba èyí àkọ́kọ́, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. Léèsì náà jáde bí ohun tí wọ́n fín, ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣeé kà. Ṣùgbọ́n láàárín gèlè àti ọrùn aṣọ, èédú ni. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ilà tí wọ́n kọ fún un ní kékeré. Ìyá wò mí, ó ní:

"Ọmọ mi, aṣọ mi ni mo rí. Èmi dà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọgọ́rin ọdún tí ènìyàn fi kọ ìtàn sójú ara rẹ̀, èmi ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀rọ pa á rẹ́ ní ìdá kan nínú ọgọ́fà ìṣẹ́jú àáyá.

Mo kó nẹ́gátíìfù náà lọ bá bàbá onífọ́tò kan ládùúgbò wa, tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo kí i, ó ní kí n jókòó. Kò tilẹ̀ wo fọ́tò. Fíìmù ló gbà, ó nà án sí ojú ọ̀run.

Ó ní, "Kí lo wọ̀n?"

Mo ní, "Ìmọ́lẹ̀ ni mo wọ̀n, bàbá. Abẹ́rẹ́ náà dúró láàárín gan-an."

"Mo ní kí lo wọ̀n? Aṣọ lo wọ̀n. Àbí aṣọ lo lọ yà ni?"

Ó fi ìka hàn mí. Ibi tó yẹ kí ojú ìyá wà nínú fíìmù náà mọ́ gaara bí gíláàsì fèrèsé. Mo bi í pé ṣé kò sí bí a ṣe lè tún un fọ̀ kí ojú náà jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò kọ síbẹ̀, oògùn wo ló fẹ́ kà á? Ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ díẹ̀ jù, fíìmù á fara dà á, a ó sì rí i tún ṣe. Èyí tí kò dé rárá, ó ti lọ nìyẹn."

Ẹ gbọ́ àlàyé tó ṣe fún mi, nítorí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ní irú kámẹ́rà yìí mọ̀ ọ́n. Mítà inú kámẹ́rà kò lójú. Kò mọ̀ bóyá ìyá ẹni ló wà níwájú òun tàbí àpò sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú àwòrán ló ń pò pọ̀, tó sì ń gbà pé ohun tó wà níwájú òun rí bí eérú: kò funfun, kò dúdú. Àwọn tó mọ ìṣirò rẹ̀ ní ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ 18 nínú 100 padà ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n eérú náà. Bí o bá kọjú mítà sí léèsì funfun, á ní, "Ìmọ́lẹ̀ yìí mà pọ̀ jù," á sì ní kí o pa ihò dé títí léèsì á fi fẹ́ di eérú. Ojú dúdú tó wà láàárín léèsì ńkọ́? Á rì sínú òkùnkùn. Bí o bá sì kọjú rẹ̀ sí ojú dúdú nìkan, á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, á ní kí o ṣí ihò títí ojú náà á fi di eérú. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, eérú ni mítà mọ̀.

Bàbá ní, "Sún mọ́ ìyá yín títí ojú rẹ̀ á fi kún inú ihò tí o fi ń wòran. Ojú ni kí o wọ̀n, má wọn aṣọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ti dúró, pa ihò náà dé díẹ̀, nítorí ìyá yín kì í ṣe eérú. Wá padà sẹ́yìn síbi tí o ti fẹ́ yà á, kí o yà á. Má tún wo abẹ́rẹ́ mọ́. Ó máa ní o ti ṣe é tì. Jẹ́ kó máa wí."

Mo padà lọ bẹ ìyá. Ó tún wọ aṣọ náà, ó tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Mo sún mọ́ ọn, mo wọn ojú: f/2.8. Mo pa á dé sí f/4. Mo padà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ fò lọ sókè bí ẹni tí kòkòrò ta, n kò dá a lóhùn. Nígbà tí mo fi fọ́tò náà hàn án, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ara rẹ̀ nínú àwòrán. Ó wá pe àkọ́bí rẹ̀, ó ní, "Èyí ni kí ẹ lò fún mi lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ." Ẹni tó bá mọ àṣà wa á mọ̀ pé kò sí oríkì tó ju ìyẹn lọ fún onífọ́tò.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwòrán méjèèjì. Kámẹ́rà kan náà ni, lẹ́ǹsì kan náà, fíìmù kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí mo wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta ko àwọn tó ń ki lẹ́ǹsì bí ẹni ń ki ọba.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nìkan nìyí. Ansel Adams, ọ̀gá láàárín àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà, òun àti Fred Archer, ló ṣètò ìpele àwọ̀ láti dúdú kirikiri dé funfun báláú, ní nǹkan bí 1939 sí 1940. Ètò náà dára, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ The Negative, awọ òyìnbó wà ní ìpele 6, awọ dúdú sì wà ní ìpele 5, ìpele eérú gan-an. Awọ dúdú wo? Ti apọ́nbéporẹ́ ni, àbí ti adúmáadán? Nínú ilé kan ṣoṣo nílẹ̀ wa, ẹ ó rí ìpele mẹ́ta nídìí abọ́ ọbẹ̀ kan. Ti fíìmù aláwọ̀ mèremère tilẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì tí Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò láti fi wọn àwọ̀, obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ obìnrin náà bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ pé nìyẹn. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó ṣe èyí tó ní obìnrin dúdú àti ará Éṣíà pẹ̀lú ti òyìnbó.

Ṣé ẹ̀rọ tí wọn kò fi ojú wa dánwò wá kò lè yà wá dáadáa ni? Ó lè ṣe é, bí ẹni tó dì í mú bá mọ ohun tó ń wò. Ẹ̀rí mi ni J. D. 'Okhai Ojeikere. Wọ́n bí i ní 1930 ní Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kámẹ́rà Brownie kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ní 1954 ó di òṣìṣẹ́ inú yàrá òkùnkùn, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV. Ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ńlá: ó ń ya irun orí àwọn obìnrin, ó sì ń bá a lọ títí ó fi yà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó kú ní 2014. Wọ́n ti gbé àwọn àwòrán náà dé Paris, wọ́n gbé wọn dé Kassel ní Jámánì ní 2007, wọ́n gbé wọn dé Venice ní 2013.

Ẹ ronú sí ohun tó gbé karí. Irun dúdú, lórí awọ dúdú, òwú dúdú tí wọ́n fi di irun náà tún wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ láti ya èédú. Ọ̀pọ̀ nínú àwòrán náà, ẹ̀yìn orí ló kọ sí wa. Kò ní ẹ̀rín tàbí ojú tí a lè fi tan ara wa jẹ. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá wo Òjò Ń Petí tó yà ní 1968, tàbí Onílé Gogoro tó yà ní 1975, ẹ ó rí i pé dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya ara wọn sọ́tọ̀. Awọ ọrùn rọ̀, ó sì ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Irun tí wọ́n fi òwú dì dúró gbọnin, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn kò ní nǹkan kan nínú, kí irun lè sọ̀rọ̀. Onídìrí tó bá wo àwòrán náà lónìí lè ka ibi tí ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dúró níwájú wọn. Ẹnu yà wọ́n, wọ́n bi ara wọn nípa orúkọ irun. N kò gbọ́ kí ẹnì kan béèrè orúkọ lẹ́ǹsì.

Mo ní àríwísí kan nípa àwọn àwòrán náà ṣá o. Orúkọ irun wà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbé e lórí kì í sí níbẹ̀, ti onídìrí kì í sí níbẹ̀. A mọ ọwọ́, a kò mọ ọlọ́wọ́. Ojeikere fi ojú rẹ̀ gba irun là lọ́wọ́ òkùnkùn. Ó yẹ kí orúkọ náà bá a jáde.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló kù, ti sùúrù. Fíìmù kan kò gbà ju àwòrán 36 lọ, àwọn olólùfẹ́ sì máa ń sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń gbààwẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń fa ni lọ́wọ́ sẹ́yìn. Fífọ̀ ọ́ náà gba sùúrù: HP5 Plus nínú oògùn D-76 tí a kò bomi là, ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ ni, bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 20. Omi ẹ̀rọ tiwa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Mo máa ń ra yìnyín, màá gbé ìgò oògùn sínú ọpọ́n omi dídì, màá dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ. Bí mo bá kánjú, oògùn gbígbóná á sáré jẹ fíìmù. Ṣùgbọ́n sùúrù fún kí ni? Ẹni tó ní sùúrù láti wọn aṣọ, èédú náà ni yóò fi sùúrù yà. Àǹfààní sùúrù ni pé ó fún ọ láyè láti béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé: nínú gbogbo ohun tó wà níwájú mi yìí, èwo ni n kò gbọdọ̀ pàdánù? Kámẹ́rà àtijọ́ kò ní dá ọ lóhùn. Ó máa dúró dè ọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Fóònù kì í dúró. N kò bú u. Ó ń ya ojú dúdú dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Google fúnra rẹ̀ ní láti dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀, tó pè ní Real Tone, tó sì kéde rẹ̀ pẹ̀lú fóònù Pixel 6 ní 2021. Ìyẹn ni pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà gbà pé ìṣòro wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fóònù, ẹlòmíràn ló ti bá ọ pinnu bí ojú ìyá rẹ yóò ṣe dúdú tó. Bó bá ṣe é re, o ò ní mọ bó ṣe ṣe é. Bó bá ṣì í, o ò ní mọ ohun tí wàá tún ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra kámẹ́rà àtijọ́, ẹ rà á, inú mi dùn sí yín. Ẹ ra èyí tí owó yín ká. Lẹ́ǹsì 50mm kan tó. Má yà ògiri. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ ní ọjọ́ tó bá wọ funfun, kí o jókòó tì í, kí o wọ̀n ọ́n, kí o yà á. Kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sára àpò nẹ́gátíìfù, kí o sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọ̀rinrin kò dé. Nígbà tí àwòrán bá jáde, òun ni kí o kọ́kọ́ fún. Bó bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kámẹ́rà rẹ dára. Bó bá jẹ́ aṣọ nìkan ló rí, padà lọ wọn ojú.